Bí Ẹ Ṣe Lè Yí Ìwọ̀n Ìgbóná Padà Láàárín Celsius, Fahrenheit àti Kelvin Láìṣàṣìṣe

Ìbéèrè kan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra: kí ni a ń fi kún un, kí ni a ń yọ kúrò, èwo ni a sì ń kọ́kọ́ ṣe? Ẹni tó ń béèrè lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò físíìsì tàbí kẹ́mísírì ń bọ̀ lọ́nà fún, ó lè jẹ́ òbí tí tẹmọ́mítà ọwọ́ rẹ̀ ń fi 101 hàn nígbà tí ìwé ìtọ́ni inú páálí oògùn ń sọ̀rọ̀ nípa 38, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ yan nǹkan nínú ààrò tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu. Ìṣirò yìí kò le. Ohun tó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n há fọ́múlà sórí láìmọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá sì gbàgbé ẹyọ kan péré, gbogbo rẹ̀ a dàrú mọ́ wọn lójú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń ṣe, kí a tó máa ṣe é.

## Ohun méjì tó ya àwọn òṣùwọ̀n náà sọ́tọ̀

Ohun méjì péré ni Celsius, Fahrenheit àti Kelvin fi yàtọ̀ síra: ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi òdo rẹ̀ sí, àti bí dígírì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú ohun méjì yìí ni ó ń tún ṣe. Fífi nǹkan kún un tàbí yíyọ nǹkan kúrò ń tún ibi tí òdo wà ṣe. Ìsọdipúpọ̀ tàbí pípín ń tún bí dígírì ṣe tóbi tó ṣe.

Ẹ wo omi. Lórí Celsius, omi ń dì ní 0, ó sì ń hó ní 100, bí afẹ́fẹ́ bá ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ létí òkun. Lórí Fahrenheit, omi yìí kan náà ń dì ní 32, ó sì ń hó ní 212. Àlàfo tí Celsius pín sí 100, Fahrenheit pín in sí 180, èyí tó túmọ̀ sí pé dígírì Celsius kan tóbi tó dígírì Fahrenheit 1.8. Ibẹ̀ ni 9/5 inú fọ́múlà ti wá, nítorí 180 tí a fi 100 pín kò ju 9/5 lọ. Kelvin ní tirẹ̀ tóbi bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú dígírì Celsius. Òdo rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, nítorí ibi tí ìgbóná ti tán pátápátá, tí ohunkóhun kò lè tutù jù ú lọ, ni wọ́n fi í sí.

Àwọn ibi àmì nìyí. Bí ẹ bá há mẹ́rin péré nínú wọn sórí, ẹ máa tètè dá àṣìṣe mọ̀:

- Ibi tí òtútù parí sí: −273.15 °C, −459.67 °F, 0 K
- Ibi tí Celsius àti Fahrenheit ti pàdé: −40 °C, −40 °F, 233.15 K
- Ibi tí omi ti ń dì: 0 °C, 32 °F, 273.15 K
- Inú yàrá tó tura: 20 °C, 68 °F, 293.15 K
- Ara ènìyàn tí kò ṣàìsàn, ní ìdiwọ̀n: 37 °C, 98.6 °F, 310.15 K
- Ibi tí omi ti ń hó: 100 °C, 212 °F, 373.15 K

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà dáadáa. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan níbẹ̀, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.
- Ẹ bi ara yín bóyá ohun tí tẹmọ́mítà kà ni nọ́ńbà náà, tàbí ìyàtọ̀ láàárín kíkà méjì. Ìṣirò àwọn méjèèjì kò rí bákan náà, mo sì ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún un nísàlẹ̀.
- Ẹ wo iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì, nítorí òun ni yóò sọ ibi tí ẹ máa dúró sí nígbà tí ẹ bá ń kọ ìdáhùn.

## Láti Celsius sí Fahrenheit

1. Ẹ fi 9 sọ nọ́ńbà Celsius náà di púpọ̀.
2. Ẹ fi 5 pín ohun tó bá jáde.
3. Ẹ fi 32 kún un.

Ẹ mú 25 °C. Bí a bá fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 225. Bí a bá fi 5 pín in, ó di 45. Bí a bá fi 32 kún un, ó di 77 °F. Bí ó bá wù yín, ẹ lè fi 1.8 rọ́pò ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì, nítorí ohun kan náà ni wọ́n.

Bí nọ́ńbà náà bá wà nísàlẹ̀ òdo, ìlànà náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àmì òdì já bọ́ lọ́nà. Fún −10 °C, ìsọdipúpọ̀ fún wa ní −90, pípín fún wa ní −18, bí a bá sì fi 32 kún −18, ó di 14 °F. Ẹni tó bá gbàgbé àmì náà yóò rí 50 °F, tí kì í ṣe ojú ọjọ́ tí omi ń dì rárá.

## Láti Fahrenheit sí Celsius

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, nítorí a ní láti gba ọ̀nà tí a bá wá padà, kí ohun tí a ṣe kẹ́yìn lọ́jọ́sí sì di ohun tí a kọ́kọ́ ṣe lónìí.

1. Ẹ yọ 32 kúrò nínú nọ́ńbà Fahrenheit náà.
2. Ẹ fi 5 sọ ohun tó kù di púpọ̀.
3. Ẹ fi 9 pín in.

Ẹ jẹ́ kí a dá òbí tí mo mẹ́nu bà lókè lóhùn. Bí a bá yọ 32 kúrò nínú 101, ó ku 69. Bí a bá fi 5 sọ 69 di púpọ̀, ó di 345, tí a bá sì fi 9 pín in, a rí 38.3 °C. Ó ti ju 38 inú ìwé oògùn náà lọ díẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ ní apá yìí kan ẹ̀rọ ìṣirò. Bí ẹ bá tẹ 101 − 32 × 5 ÷ 9 tẹ̀léra láìdúró, ẹ̀rọ ìṣirò àwọn onísáyẹ́ǹsì àti ti orí ọ̀pọ̀ fóònù yóò kọ́kọ́ ṣe ìsọdipúpọ̀ àti pípín, kí ó tó ṣe ìyọkúrò, yóò sì fún yín ní 83.2. Ara ènìyàn kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: ẹ tẹ àmì ìdọ́gba lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ 32, tàbí kí ẹ fi àkámọ́ yí i ká báyìí: (101 − 32) × 5 ÷ 9.

Fún nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ rántí pé yíyọ 32 ń mú un lọ sísàlẹ̀ sí i ni. Láti −4 °F, bí a bá yọ 32, a wà ní −36, kì í ṣe 28, kì í sì í ṣe −28. Ìdáhùn rẹ̀ ni −20 °C.

## Láti bọ́ sórí Kelvin, àti láti padà

Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá ń ti orí Celsius lọ sórí Kelvin, ẹ fi 273.15 kún un. Bí ẹ bá ń padà, ẹ yọ 273.15 kúrò. Kò sí ìsọdipúpọ̀ níbẹ̀, nítorí dígírì méjèèjì tóbi bákan náà.

Bí ó bá jẹ́ Fahrenheit ni ẹ ní lọ́wọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba orí Celsius kọjá: 68 °F di 20 °C, 20 °C sì di 293.15 K. Fọ́múlà kan wà tó gba ọ̀nà tààrà, tí a fi ń fi 459.67 kún nọ́ńbà Fahrenheit kí a tó fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, kí a sì fi 9 pín in, ìdáhùn kan náà ni yóò sì fún yín. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun tí ẹ ní láti há sórí ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbésẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Àpẹẹrẹ ti ìpadàbọ̀ nìyí. Náítírójìn tí wọ́n ti sọ di omi ń hó ní nǹkan bí 77 K. Bí a bá yọ 273.15, a rí −196.15 °C. Bí a bá fi 1.8 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì fi 32 kún un, a wà ní nǹkan bí −321 °F.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún lórí Kelvin:

- A kì í kọ àmì dígírì sí i, a kì í sì í pè é ní dígírì. 300 K ni, kì í ṣe 300 °K. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti fi òfin òṣùwọ̀n àgbáyé yọ àmì náà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé àtijọ́ ṣì ní in.
- Bí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ bá fún yín ní odidi dígírì, tí ìbéèrè náà kò sì sọ nǹkan mìíràn, 273 tó fún un. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà lẹ́yìn pọ́ìntì, ẹ lo 273.15.
- Bí ìdáhùn Kelvin yín bá wà nísàlẹ̀ òdo, àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ náà. Kò sí tẹmọ́mítà tó lè ka irú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ń lo Rankine, tó jẹ́ pé dígírì Fahrenheit ni ó ń lò, ṣùgbọ́n tí òdo rẹ̀ wà níbi tí ti Kelvin wà. Ẹ fi 459.67 kún nọ́ńbà Fahrenheit, ó ti parí.

## Kíkà ni, àbí ìyàtọ̀?

Bí n kò bá kọ ohun mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, n ó kọ apá yìí, nítorí pé àṣìṣe tó wà níbí kì í hàn lójú, àwọn tó mọ fọ́múlà dunjú gan-an ni wọ́n sì ń ṣe é jù.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ìgbóná omi inú ìkòkò jẹ́ 10 °C, kíkà nìyẹn, ó sì jẹ́ 50 °F. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ìgbóná omi náà fi 10 °C lọ sókè, ìyàtọ̀ nìyẹn, kò sì kan ibi tí òdo wà rárá. Nítorí náà a kò ní fi 32 kún un. Ìtóbi dígírì nìkan ni a ó tún ṣe: 10 tí a fi 1.8 sọ di púpọ̀ jẹ́ 18 °F. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: omi tó kúrò ní 20 °C dé 30 °C ti kúrò ní 68 °F dé 86 °F, àlàfo àárín wọn sì jẹ́ 18 gẹ́lẹ́. Lórí Kelvin, ìyàtọ̀ kan náà yìí jẹ́ 10 K. Kò sídìí fún 283.15.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo wa ti gbọ́. Nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Paris ní ọdún 2015 lórí ojú ọjọ́, wọ́n sọ pé àwọn yóò sapá kí ìgbóná ayé má bàa fi ju 1.5 °C lọ lókè bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ ni 1.5 yìí, nítorí náà 2.7 °F ni. Ẹni tó bá fi fọ́múlà kíkà ṣe é yóò kọ 34.7 °F, àwọn tó sì ń ka iṣẹ́ rẹ̀ yóò rò pé ayé fẹ́ jóná lọ́la.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé ìyàtọ̀ ni ẹ ní lọ́wọ́:

- "fi … lọ sókè", "fi … wá sílẹ̀"
- "fi … ju èkejì lọ"
- "àlàfo tó wà láàárín wọn"
- àmì ± tó wà lára ẹ̀rọ, bíi ±0.5 °C, tó jẹ́ ±0.9 °F

Ohun kan tún wà tó fara pẹ́ ẹ, tí òun yí padà sódì, ìyẹn ni iye tí a fi dígírì kọ̀ọ̀kan ṣírò. Bí ògiri kan bá ń jẹ́ kí wáàtì 5 jáde fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan, wáàtì 5 náà ni fún Kelvin kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fún dígírì Fahrenheit kọ̀ọ̀kan, a ó fi 1.8 pín in ni, a kò ní sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí dígírì Fahrenheit kéré, ohun tí yóò sì jáde fún un gbọ́dọ̀ kéré pẹ̀lú: wáàtì 2.78 ni.

## Ìgbà tí Kelvin di dandan

Níbikíbi tí ìṣirò bá ti ní kí ẹ fi ìwọ̀n ìgbóná sọ nǹkan di púpọ̀, kí ẹ fi pín nǹkan, tàbí kí ẹ fi ìgbóná kan wé èkejì ní ìlọ́po, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí Kelvin. Ìdí rẹ̀ ni pé òdo Celsius kò túmọ̀ sí pé kò sí ìgbóná; ibi tí omi ti ń dì ni, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, 20 °C kì í ṣe ìlọ́po méjì 10 °C. Lórí Kelvin, 293.15 ni, èkejì sì jẹ́ 283.15, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo gáàsì tó jẹ́ lítà 2 ní 27 °C, tí wọ́n mú gbóná dé 127 °C láìyí ìtẹ̀ rẹ̀ padà. Báwo ni yóò ti fẹ̀ tó?

1. Ẹ yí méjèèjì sí Kelvin: 300 K àti 400 K.
2. Ẹ fi 300 pín 400: 1.33.
3. Ẹ fi lítà 2 sọ ọ́ di púpọ̀: lítà 2.67.

Ẹni tó bá fi Celsius ṣe é yóò fi 27 pín 127, yóò sì kọ lítà 9.4. Fọ́múlà rẹ̀ tọ̀nà, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ó dùn mí púpọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yé.

## Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìṣirò nítòsí

Láti Celsius sí Fahrenheit, ọ̀nà kan wà tó rọrùn tó sì péye pátápátá: ẹ sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po méjì, ẹ yọ ìdámẹ́wàá ohun tó jáde, ẹ fi 32 kún un. Fún 25, ìlọ́po méjì jẹ́ 50, ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 5, ó ku 45, a fi 32 kún un, 77 dé.

Láti Fahrenheit sí Celsius, ẹ yọ 32, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìdámẹ́wàá rẹ̀ kún un. Fún 86, ó di 54, ó di 27, ó di 29.7. Ìdáhùn gangan ni 30, nítorí náà èyí kò jìnnà.

Àwọn kan ń kọ́ni pé kí a kàn sọ Celsius di ìlọ́po méjì kí a sì fi 30 kún un. Fún ojú ọjọ́, ó lè ran yín lọ́wọ́: ó tọ̀nà gẹ́lẹ́ ní 10 °C, ó sì fi dígírì Fahrenheit 3 ṣìnà ní 25 °C. Ṣùgbọ́n fún ara aláìsàn, ẹ má lò ó láé. Ní 37 °C, yóò sọ fún yín pé 104 °F ni, tó jẹ́ ibà líle, nígbà tí ara náà kò ṣe nǹkan kan.

## Lórí kọ̀ǹpútà

Nínú Excel àti Google Sheets, bí nọ́ńbà yín bá wà nínú àpótí A2, ẹ kọ =CONVERT(A2,"C","F"). Ẹ lè fi "K" rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn, lẹ́tà ńlá sì ni kí ẹ máa lò. Ẹ rántí pé kíkà ni iṣẹ́ yìí gbà pé ẹ fún òun; bí ìyàtọ̀ bá ni ẹ ní, ẹ kàn kọ =A2*1.8.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra fún 5/9. Ní èdè C àti Java, bí ẹ bá fi odidi nọ́ńbà kan pín òmíràn, ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì a dànù, 5/9 a sì di 0, tí gbogbo ìdáhùn yín yóò fi jẹ́ 0 °C. Ẹ kọ 5.0/9.0.

## Ibi tí ó yẹ kí ẹ dúró sí lẹ́yìn pọ́ìntì

Ohun tí ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe ni yóò pinnu èyí. Fún ààrò, 350 °F jẹ́ 176.67 °C lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ààrò ilé tó mọ ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti 180, nítorí náà ẹ yí i sí 180. Fún ara ènìyàn, ẹ fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ lẹ́yìn pọ́ìntì, nítorí 38 °C tí ọ̀pọ̀ dókítà kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ibà jẹ́ 100.4 °F, ẹni tó bá gé e kúrú sí 100 ti sún ààlà náà wá sí 37.8 °C. Bí ìṣirò bá ní ìgbésẹ̀ púpọ̀, ẹ má gé ohunkóhun kúrò títí ẹ ó fi dé òpin.

## Bí ìdáhùn yín kò bá jọ òótọ́

Irú àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ipasẹ̀ tó máa ń fi sílẹ̀, ẹ sì lè tọ̀ ọ́ padà:

- Fahrenheit yín fi 25.6 ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ fi 32 kún un kí ẹ tó ṣe ìsọdipúpọ̀. Fún 25 °C, ẹ máa rí 102.6 dípò 77.
- Celsius yín fi nǹkan bí 14.2 kéré sí bó ṣe yẹ: ẹ yọ 32 lẹ́yìn ìsọdipúpọ̀ àti pípín. Fún 101 °F, ẹ máa rí 24.1 dípò 38.3.
- Láti 101 °F, ẹ rí 124.2 °C: ẹ lo 9/5 níbi tí ó yẹ kí ẹ lo 5/9.
- Láti 101 °F, ẹ rí 83.2 °C: ẹ kò fi àkámọ́ sí i.
- Kelvin yín jẹ́ nọ́ńbà òdì: ẹ yọ 273.15 níbi tí ó yẹ kí ẹ fi kún un.
- Kelvin yín fi 273.15 tóbi jù nínú ìṣirò ìyàtọ̀: ẹ yí ìyàtọ̀ náà padà bí ẹni pé kíkà ni.

Bí kò bá sí èyí tó bá ti yín mu níbẹ̀, ẹ mú ìdáhùn náà, ẹ yí i padà sí òṣùwọ̀n tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni yóò jáde. Bí kò bá jáde, ẹ yẹ lẹ́tà tó wà lára tẹmọ́mítà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì tó ń pààrọ̀ °C sí °F, ọwọ́ lè ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.